Ìbọ̀wọ́ Òsì Tí Ojú Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Gbà

Ẹ̀yìn nǹkan ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń kọ́kọ́ wò. Bí o bá fún un ní àwòrán, yóò dà á dé kó tó wo ojú ẹni tó wà níbẹ̀. Bí o bá gbé aago tuntun hàn án, ìdí aago ni yóò yẹ̀ wò. Lọ́jọ́ tí mo mú fọ́tò ìgbéyàwó mi lọ fún un pé kó bá mi fi férémù sí i, ó yí i padà, ó ka òǹtẹ̀ ayàwòrán tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fi èékánná họ etí bébà náà díẹ̀, ó wá ní, "Bébà tó dáa ni. Kò ní ṣá." Kò sọ nǹkan kan nípa aṣọ mi, kò sọ nǹkan kan nípa ọkọ. Èmi tí mo ti ń retí kó sọ pé mo rẹwà, mo gba ilé mi lọ.

Ó yẹ kí n máa pè é ní "wọ́n" nínú ìtàn yìí, torí ó jù mí lọ dáadáa, ilé wa kì í sì í ṣe ilé aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n mo ti bínú sí i púpọ̀ láyé mi, ìbínú náà ti jẹ "wọ́n" náà tán. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní "ó".

Awòfín ni àdúgbò ń pè é. Férémù ló ń ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan tó há sáàárín ilé oníbàtà àti ilé afọṣọ. Bí o bá wọlé, gíláàsì ló fẹ̀yìn ti ògiri lápá kan, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lápá kejì, lẹ́búlẹ́bú pákó yóò sì mú ọ sín kí o tó kí i tán. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí férémù ni àwọn ènìyàn fi ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń wá rí. Nǹkan àtijọ́ tó jẹ mọ́ ìjà ẹ̀ṣẹ́ ló kó síbẹ̀, nínú àpótí onígíláàsì: ìbọ̀wọ́ tí àwọn akànṣẹ́ fi jà, pósítà ìjà, ṣòkòtò péńpé, bàtà olókùn gígùn, fọ́tò, gbogbo wọn pẹ̀lú orúkọ akànṣẹ́ tí wọ́n fi bírò kọ sí wọn lára. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ nílé tí kò mọ̀ bóyá ojúlówó ni tàbí ayédèrú, ọ̀dọ̀ Awòfín ni yóò gbé e wá.

Ẹ má sì rò pé òun fúnra rẹ̀ kan ẹ̀ṣẹ́ rí o. Nílé ẹ̀kọ́, èmi àbúrò rẹ̀ obìnrin ni mo ń bá a ja ìjà rẹ̀. Bí wọ́n bá ti na ìka sí i nímú báyìí, wọn á ti máa wá mi kiri. Bóyá nítorí pé kò lè jà ni ìjà ṣe wù ú tó bẹ́ẹ̀, mi ò mọ̀.

Nígbà èwe wa, akànṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Àrá. Ọwọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ náà, kì í ṣe ìyá rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tó gba bẹ́líìtì, ẹ̀gbọ́n mi lọ ṣí pósítà ìjà náà kúrò lára ògiri, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ṣí báńdéèjì lójú egbò, ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé tí Àrá dé sí. Èrò pọ̀. Ẹnìkan gba pósítà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e wọ yàrá lọ, nígbà tí yóò fi gbé e jáde, orúkọ Àrá ti wà lára rẹ̀, tàdáwà rẹ̀ kò tíì gbẹ. Orúkọ náà fẹ̀, ó ń ṣàn bí omi, mànàmáná kékeré kan tó ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń kó wọn jọ. Nígbà tó yá, kò sí ẹni tó mọ ọwọ́ Àrá bíi tirẹ̀.

Bí wọ́n bá gbé ìbọ̀wọ́ wá, yóò kọ́kọ́ fọ ọwọ́, yóò nù ún gbẹ. Kò ní wo orúkọ náà rárá. Yóò gbé ìbọ̀wọ́ sí imú, torí awọ tó gbó ní òórùn tirẹ̀, awọ tí wọ́n pa láró kó lè dà bí èyí tó gbó náà ní tirẹ̀. Yóò tẹ̀ ẹ́: irun ẹṣin ni wọ́n ń kì sínú ìbọ̀wọ́ àtijọ́, fóòmù ni ti ìsinsìnyí. Yóò wo ojú rírán rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò mú gíláàsì tó ń sọ kékeré di ńlá, tí yóò wá ibi tí awọ ti sán. Bí tàdáwà bá rì wọ inú ibi tó sán, a jẹ́ pé awọ ti gbó kí wọ́n tó kọ ọ́. Ìgbẹ̀yìn-gbẹ́yín ni yóò tó wo bí ọwọ́ ṣe rìn. Ó ní ẹni tó ń kọ orúkọ ara rẹ̀ kì í ronú, ọwọ́ rẹ̀ á kàn fò ni. Ẹni tó ń jí orúkọ ẹlòmíràn kọ á máa rọra wò ó kọ, á tẹ bírò mọ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n.

Bí nǹkan náà kò bá dára, kò ní pe ènìyàn ní òpùrọ́. Gbólóhùn kan ló ní. Á gbé gíláàsì rẹ̀ kalẹ̀, á ní, "Ojú mi ò gbà á." Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Mo ti rí géńdé ọkùnrin tó sunkún nítorí gbólóhùn yẹn.

Ó wá ku ọkọ mi. Ọlọ́wọ́-òsì ni wọ́n ń pè é. Ilé ló ń kùn lọ́dà, iṣẹ́ yẹn ló fi tọ́ àwọn ọmọ wa, ṣùgbọ́n kó tó mọ̀ mí, ó ti kan ẹ̀ṣẹ́. Kò gba bẹ́líìtì kankan. Ìjà rẹ̀ kò pọ̀, èyí tí wọ́n ti nà án nínú wọn ló sì pọ̀ jù. Èmi ìyàwó rẹ̀ ni mo sọ bẹ́ẹ̀, kò ní bínú. Àmọ́ ó wà lára àwọn tí Àrá fi ń dánra wò kó tó lọ ja ìjà gidi. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ ni kí Àrá máa lù ú.

Ó ní lọ́jọ́ kan, ọwọ́ Àrá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, òun rí àyè, òun fi òsì wọlé, Àrá fìdí janlẹ̀ gbì. Àwọn méjèèjì àti ẹni tó ń tọ́jú ibi ìdánrawò nìkan ló wà níbẹ̀. Àrá dìde, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ òun, ó tú okùn ìbọ̀wọ́ òsì ọkọ mi fúnra rẹ̀, ó bọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gba bírò, ó kọ orúkọ sí i. Ó ní, "Máa gbé e lọ sílé." Ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ ti kú tipẹ́.

Kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn yìí nílé wa. Àwọn ọmọ á máa fi ṣeré: ọ̀kan á ṣe Àrá, á fìdí janlẹ̀, ilé á mì tìtì. Àwọn tí wọ́n jọ ń kunlé kò gbà á gbọ́. "Ọlọ́wọ́-òsì gbé Àrá ṣubú, lójú oorun!" Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìbọ̀wọ́ náà wà lórí ìṣó lókè ilẹ̀kùn pálọ̀ wa, kò sì sí ọjọ́ tó ń jáde lọ síbi iṣẹ́ tí kì í gbójú sókè wò ó.

Ọjọ́ Àìkú kan ni ẹbí péjọ sílé wa láti jẹun. Àkọ́bí mi obìnrin ló fa ọ̀rọ̀ náà. Bàbá Férémù ni àwọn ọmọ mi ń pe ẹ̀gbọ́n mi.

"Bàbá Férémù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo ìbọ̀wọ́ Dádì, kí ẹnu àwọn ẹlẹ́gàn lè pa mọ́."

Mo ṣẹ́jú sí ẹ̀gbọ́n mi pé kó fi í sílẹ̀. Ẹni tó ń rí ibi tí awọ ti sán kò rí ojú tí mo ń ṣẹ́. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ gun àga, ó sọ ìbọ̀wọ́ náà kalẹ̀, ó fi àyà ẹ̀wù rẹ̀ nù ún, ó gbé e fún un bí ẹni gbé ọmọ fún ènìyàn.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ fọ ọwọ́. Ó gbé ìbọ̀wọ́ sí imú, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó tẹ̀ ẹ́, ó mi orí. Ó wo ojú rírán, ó tún mi orí, ọkọ mi náà sì ń bá a mi orí. Ó wá kan orúkọ. Orúkọ náà kò ṣàn. Àwọn lẹ́tà rẹ̀ ṣubú lura wọn, ẹni tó kọ ọ́ sì tẹ bírò mọ́lẹ̀ bí ẹni ń walẹ̀. Mànàmáná ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì péré.

Ó gbé gíláàsì rẹ̀ kalẹ̀. "Ojú mi ò gbà á."

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń sọ pé mo purọ́ nìyẹn?"

"Àna, mi ò pè yín ní òpùrọ́. Ìbọ̀wọ́ yẹn, ti ìgbà náà ni. Ọwọ́ tó kọ orúkọ ni kì í ṣe ọwọ́ Àrá. Bóyá ẹnìkan ló fi yín ṣeré."

"Ojú mi ló ṣe kọ ọ́!"

"Ọwọ́ Àrá kún yàrá kan nílé mi. Mo mọ̀ ọ́n."

"Ojú yín wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni?"

Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọkọ mi gba ìbọ̀wọ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó gbé e gba ẹ̀yìn ilé jáde. Láti ọjọ́ yẹn, ìṣó nìkan ló kù lókè ilẹ̀kùn wa. Kò sọ ìtàn náà mọ́, àwọn ọmọ náà sì fi eré wọn sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá wọn wí.

Àwọn méjèèjì kò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n sọ mí di ilé ìfìwéránṣẹ́. "Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé a kú ewu ọmọ." "Bá mi kí ọkọ rẹ." Mo bínú sí ẹ̀gbọ́n mi pé kò lè gbójú fo ohun kan láyé rẹ̀. Mo bínú sí ọkọ mi pé ó jẹ́ kí ẹnu ẹlòmíràn gba ìtàn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ká sòótọ́, èmi náà ò mọ ẹni tí mo gbà gbọ́. Ọkùnrin méjì tí mo fẹ́ràn ń sọ ohun tó yàtọ̀, ọ̀kan nínú wọn ti ní láti ṣìnà, mi ò sì fẹ́ mọ ẹni náà.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọjọ́ ogbó dé, ẹ̀ṣẹ́ tí ọkọ mi jẹ nígbà èwe bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá bẹ̀ ẹ́ wò. Ó da iyọ̀ sínú tíì. Ó bi mí léèrè ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí a jọ lọ sìnkú rẹ̀. Ó kun ilẹ̀kùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ó tún fẹ́ kùn ún lẹ́ẹ̀kẹta. Dókítà ṣàlàyé fún mi pé orí tí wọ́n lù tó bẹ́ẹ̀ máa ń rẹ̀ nígbà tó bá yá, pé kí n máa ní sùúrù. Sùúrù kọ́ ni ìṣòro mi. Ẹni tó bá ti gbé láàárín àwọn ọkùnrin méjì yìí ti ní sùúrù.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, mo ń bá a gé èékánná, ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ó wò ó títí.

"Ìyá àwọn ọmọ, ṣé lóòótọ́ ni mo gbé e ṣubú?"

"Ta ni?"

"Àrá. Àbí mo lá a lálàá ni?"

Mo fẹ́ sọ pé lóòótọ́ ni. Ó ń wá nǹkan kan lójú mi, kò sí níbẹ̀, ó sì rí i pé kò sí níbẹ̀. Ó gbé ọwọ́ náà sọ̀ kalẹ̀ fún mi kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. Ó ti gbàgbé ohun púpọ̀ tí kò dùn mí. Ṣùgbọ́n kó pàdánù ọjọ́ tó dára jù láyé rẹ̀, kó sì jẹ́ ọmọ ìyá mi ló kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn dùn mí wọ egungun.

Àsìkò yìí ni Àrá kú. Ìyàwó rẹ̀, àgbàlagbà obìnrin tí ara rẹ̀ ṣì yá gágá, ránṣẹ́ pe Awòfín pé kó wá bá òun yẹ ẹrù olóògbé wò, kó sì fi férémù sí àwọn fọ́tò tó bá dára. Ẹ̀yìn ti ń dun ẹ̀gbọ́n mi, kò lè gbé ẹrù mọ́, ló bá bẹ̀ mí pé kí n bá òun lọ.

Àga ti pọ̀ jù nínú yàrá tí wọ́n gbà wá sí. Ife ẹ̀yẹ ti dípẹtà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, oògùn olóògbé sì wà lójú fèrèsé pẹ̀lú ṣíbí rẹ̀. Màmá, ìyàwó olóògbé, fi òkúta ti ilẹ̀kùn mọ́ ara ògiri kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi fọ ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. N kò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń yí fọ́tò dà, ó ń gbóòórùn ìbọ̀wọ́, ó ń kun orin sábẹ́ imú bí ọmọdé tí wọ́n sé mọ́ ilé oníbisikíìtì.

Nígbà tó ṣe, Màmá ní, "Ọmọ mi, o ti ṣe wàhálà láti àárọ̀. Ṣé o ò fẹ́ ọ̀kan?"

Ó fa páálí kan jáde lábẹ́ àga, ó yọ ìbọ̀wọ́ kan níbẹ̀, ó mú máákà nínú ife. "Ẹni tó bá wá kí wa kì í lọ lọ́wọ́ òfo." Ó wá kọjú sí mi, ó ń bi mí bóyá àwọn ọmọ mi ti lọ́kọ, ti láya, bó sì ṣe ń bi mí, ọwọ́ rẹ̀ fò lórí ìbọ̀wọ́ náà láìwò ó. Orúkọ Àrá, ó fẹ̀, ó ń ṣàn bí omi. Mànàmáná kékeré, ó ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Gíláàsì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi.

"Màmá, kí lẹ ṣe yẹn?"

"Mo fọwọ́ sí i ni."

"Orúkọ ta ni?"

"Orúkọ ọkọ mi. Ta lo rò pé ó ń fọwọ́ sí wọn látọjọ́ yìí?" Ó wò ó bí ẹni tó ń wo aláìsàn. "Ẹ̀yin èèyàn yìí máa ń yà mí lẹ́nu. Ẹ mọ̀ pé ọwọ́ yẹn ló fi ń lu orí olórí. Ìka wo ló fẹ́ kù tó máa di bírò mú? Tó bá jà tán, èmi ni mo máa ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Wọ́n á kó nǹkan wá sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á gbé e wọlé wá fún mi, màá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, màá máa kọ ọ́ lọ. Mànàmáná yẹn, èmi ni mo ronú ẹ̀. Ó dáa, àbí kò dáa?"

"Ó dáa, Màmá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Èmi ni mo béèrè, torí mo mọ̀ pé òun kò ní lè béèrè rẹ̀. "Màmá, ṣé ọkọ yín fúnra wọn ò wá kọ nǹkan kan rí ni?"

"Ó kọ díẹ̀." Màmá rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó bá gbé e fìdí janlẹ̀ ni. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ohun téèyàn ń rán ìyàwó. Wọn ò pọ̀. Èèyàn mélòó ló lè gbé e janlẹ̀? Ẹ wá wò ó."

Ó fi ẹsẹ̀ yí òkúta kúrò, ó ti ilẹ̀kùn dé. Ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà, lórí ọ̀dà funfun tó ti pọ́n, wọ́n kọ orúkọ kan sí i.

"Inú ló ń bí mi lọ́jọ́ yẹn, mo fi gbogbo agbára ti ilẹ̀kùn wọlé, mi ò mọ̀ pé ó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ó gbá a níwájú orí. Àrá tí gbogbo ayé ń sá fún, ilẹ̀ ló bá ara ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ilẹ̀kùn ti borí. Ó wá bírò, ó fọwọ́ sí i fún un. Ẹ wo ìwé bí ẹsẹ̀ adìẹ!"

Àwọn lẹ́tà náà ṣubú lura wọn. Bírò ti wọ inú pákó. Mànàmáná ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì péré.

"Ó máa ń gbàgbé ìkẹta," ni Màmá wí.

Ẹ̀gbọ́n mi tó máa ń kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn nǹkan, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yìí wà nínú yàrá pẹ̀lú rẹ̀ láti àárọ̀. Ó wò mí, mo wò ó. Kò sí ẹni tó dárúkọ ọkọ mi nínú àwa méjèèjì.

Ojú ọ̀nà ló ti lanu. "Àbúrò mi, gbogbo yàrá yẹn, ọwọ́ ìyàwó ni."

"Mo gbọ́."

"Òun ni mo fi ń wọn ti gbogbo èèyàn. Ta ló tún máa gba ojú mi gbọ́?"

Inú bí mi, mo dúró sójú títì. "Ẹ̀yin lẹ tún ń sọ̀rọ̀ ojú yín? Ọkọ mi ń bi mí bóyá àlá lòun lá! Nílé ara ẹ̀!"

Ó fọwọ́ bo ẹnu. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dà bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Bá mi sọ fún un."

"Rárá o. Ẹnu tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ló máa dá a padà. Tẹ́ ẹ bá sì pẹ́, ẹ ò ní bá ẹni tẹ́ ẹ máa dá a padà fún."

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní títì fún ọjọ́ mélòó kan. Oníbàtà bi mí bóyá ara rẹ̀ kò yá. Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù: bí ó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níbì kan, yóò di dandan kó sọ ọ́ níbi gbogbo, fún gbogbo ẹni tó ti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe òdiwọ̀n. Èmi náà pa ẹnu mọ́ nílé, ó ń jẹ mí lọ́fun. Ní gbogbo àárọ̀ ni mo ń wo ojú ọkọ mi kí n tó kí i, kí n lè mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ẹ̀gbọ́n mi wọlé. Ọkọ mi jókòó létí fèrèsé. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi títí, ẹ̀rù bà mí.

"Awòfín," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mà pẹ́ kẹ́ ẹ tó dé."

"Mo pẹ́." Ẹ̀gbọ́n mi kò jókòó. "Àna, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ lóòró. Ìbọ̀wọ́ yín, Àrá ló kọ ọ́. Ẹ gbé e ṣubú. Ojú mi ló ṣìnà."

"Ìbọ̀wọ́ wo?"

Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ sí ìṣó tó wà lókè ilẹ̀kùn. Ọkọ mi wo ìṣó náà.

"Áà. Èyí yẹn. Ó wà nínú páálí ọ̀dà."

Mo lọ sẹ́yìn ilé. Ó wà nísàlẹ̀ páálí náà lóòótọ́, lábẹ́ búrọ́ọ̀ṣì tó ti gan, nínú àkísà tó fi ń nu ọwọ́. Mo tú àkísà, kò sí orúkọ kankan lára ìbọ̀wọ́ náà. Ojú ibẹ̀ funfun, ó gbẹ, ó sì ṣì ń rùn. Bí mo ṣe gbé e wọlé ni ọkọ mi ń sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, ohùn rẹ̀ tutù, bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ ilé tó kùn:

"Tọpintáìnì tí mo fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi fọ̀ ọ́. Mi ò fẹ́ kí irọ́ wà lókè ilẹ̀kùn tí àwọn ọmọ mi ń gbà kọjá." Ó ronú. "Tó bá wá jẹ́ pé òótọ́ ni, a jẹ́ pé èmi ni mo pa á rẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fún òun lómi. Ó fọ ọwọ́. Ó nù ún gbẹ. Ó gbé ìbọ̀wọ́ náà lọ sójú fèrèsé, ó dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ tàn sí i lára, ó rọra ń yí i, ó ń yí i, ó sì dúró gbọn-in.

Tàdáwà ti lọ, ṣùgbọ́n ojú ibi tí bírò gbà kò lọ. Ọwọ́ ìyàwó Àrá fúyẹ́. Bí o bá fọ tirẹ̀, kò ní ku nǹkan kan. Ìka tó ti ṣẹ́, tó tún jinná ní wíwọ́, kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra kọ̀wé. Bírò tí ó tẹ̀ mọ́lẹ̀, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi tìtorí rẹ̀ pè é ní ayédèrú, òun ni tọpintáìnì kò rí gbé ṣe.

Ó kúnlẹ̀ ti àga ọkọ mi, ó mú ìka rẹ̀, ó gbé e lé awọ náà. Ó fà á gba orí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, títí dé ìsàlẹ̀.

"Mànàmáná nìyí. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Ìkẹta ńkọ́?"

"Kò sí ìkẹta. Ó máa ń gbàgbé ẹ̀. Àna, ojú mi gbà á."

Ọkọ mi fi ìka rẹ̀ tọ ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kan sí i, òun nìkan. Ó wá dìde dúró. N kò rí i kó dúró bẹ́ẹ̀ láti ìgbà pípẹ́: ejìká sókè, ẹsẹ̀ kan síwájú. "Ọwọ́ ẹ̀ wà báyìí," ló wí, ó gbé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì sókè síwájú ojú rẹ̀, "ó wá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ báyìí." Ó gbé ọwọ́ òsì wá, díẹ̀díẹ̀, ó fi kan àgbọ̀n ẹ̀gbọ́n mi bí ẹni ń kan ẹyin.

Ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ̀yìn ń dùn, tí kò gba ẹ̀ṣẹ́ rí láyé rẹ̀ nítorí èmi ni mo ń gbà á fún un, fìdí janlẹ̀ gbì. Ilé mì tìtì. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì ń sunkún. Mo gbé ìbọ̀wọ́ náà padà sórí ìṣó.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó fi káàdì sábẹ́ gbogbo nǹkan Àrá tó wà níbẹ̀: "Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ni." Àwọn kan wá bú u. Àwọn kan tún gbé ohun tó ti sọ pé ojú òun kò gbà padà wá, ó fọ ọwọ́, ó wò ó látìbẹ̀rẹ̀, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó tọ́ sí.

Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tó wá sílé wa yẹn, bí mo ṣe ń po tíì, ọkọ mi wo ọwọ́ òsì rẹ̀. "Ìyá àwọn ọmọ," ló wí, "ṣé lóòótọ́ ni mo gbé e ṣubú?"

Mo ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó dé, kò mí ìmí ẹ̀dùn, kò sọ pé ṣebí a ti ṣe é lánàá. Ó ní kí n fún òun lómi. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń wá títí di òní, ìgbàkigbà tí ìbéèrè náà bá ti dé. Á fọ ọwọ́, á gbé ìbọ̀wọ́ lọ sójú fèrèsé, á wò ó bí ẹni tí kò rí i rí, á ní, "Ojú mi gbà á." Ọkọ mi á dìde, á gbé òsì rẹ̀ wá, ẹ̀gbọ́n mi á fìdí janlẹ̀.

Èmi ni mo máa ń fà wọ́n dìde.